Rọ́bà Gbígbóná fún Ọwọ́ Ṣìkẹ́mi

Ṣìkẹ́mi Ọláníyọnu ti pé ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta kó tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun alùpùpù. Nọ́ọ̀sì ni, irú àwọn tí ń lọ láti ilé dé ilé láti tọ́jú arúgbó tí kò lè dìde lórí ibùsùn mọ́. Redan ló ń gbé, lápá ìlà-oòrùn Atlanta, níbi tí ẹni tí kò ní ọkọ̀ kò ti lè lọ ra iyọ̀ pàápàá. Lọ́jọ́ kan tó lọ gba ìwé kan ní Lawrenceville, ó rí àwọn obìnrin mẹ́fà kan nínú páàkì ilé ìtajà, tí ọkùnrin kan ń kọ́ wọn ní alùpùpù. Ọ̀kan nínú wọn ti hu ewú. Ṣìkẹ́mi dúró, ó ń wò wọ́n títí yìnyín inú ife rẹ̀ fi yọ́ tán. Nígbà tó fi máa di Sátidé tó tẹ̀ lé e, òun náà ti wà láàárín wọn, ó dé àṣíborí tí wọ́n yá a, kò sì lè pa ẹnu dé fún ẹ̀rín.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́, ẹnu yà wọ́n. Ọ̀kadà? Ní Amẹ́ríkà yìí náà? Ìyàwó pásítọ̀ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn, ó bi í bóyá nǹkan ń ṣẹlẹ̀ nílé tí kò fẹ́ sọ. Ọkọ Ṣìkẹ́mi, Ọlátẹ́jú, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Jonesboro, kò tilẹ̀ fi bò.

"Mummy Túnmiṣe, tí mọ́tò bá gbá ọ sórí expressway, kí ni kí n wí fún àwọn ará Ìlaró?"

"Ẹ sọ fún wọn pé ibi iṣẹ́ ni mò ń lọ."

Kò mọ bó ṣe máa ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Nínú mọ́tò, ti gbogbo ayé ni Ṣìkẹ́mi. Fóònù á máa dún, ọ́fíìsì á ní kó lọ gba shift ẹlòmíì, Túnmiṣe, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, á pè láti yunifásítì pé ẹ̀wà òun tún ti jóná. Lórí alùpùpù, kò sẹ́ni tó lè pè é. Atẹ́gùn ni, àti òórùn igi páìnì lójú ọ̀nà Panola lẹ́yìn òjò, àti ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe láìjẹ́ pé ó sọ fún wọn. Nínú gbogbo ohun tó ti rà láti ìgbà tó ti dé ìlú yìí, alùpùpù pupa kékeré yẹn nìkan ló rà fún ara rẹ̀.

Ọdún márùn-ún ló fi gùn ún láìsí wàhálà. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu.

Ní òwúrọ̀ kan nínú oṣù Kejìlá, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ níwájú ilé aláìsàn kan, ó rí i pé ìka mẹ́ta ti funfun bí ẹfun. Ó fi wọ́n ra itan, wọ́n dúdú bí aró, lẹ́yìn náà wọ́n pọ́n, ìrora sì tẹ̀ lé e bí ìgbà tí èèyàn ń fi abẹ́rẹ́ gún un lábẹ́ èékánná. Òtútù ni, ó wí fún ara rẹ̀. Ó ra ìbọ̀wọ́ tó nípọn, ṣùgbọ́n èyí tó nípọn kì í jẹ́ kó mọ ohun tó dì mú. Nígbà tí ọdún fi yí po, kò tún nílò òtútù gidi mọ́. Kó ṣáà ki ọwọ́ bọ inú fíríìsà nílé ìtajà láti mú ẹja, ìka rẹ̀ á kú. Awọ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dán, ó fà le bí ẹni pé wọ́n rán an mọ́ egungun. Òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ kò bọ́ mọ́. Irin ni wọ́n fi gé e kúrò.

Dókítà tó rí i nínú oṣù Kẹwàá jẹ́ obìnrin jẹ́jẹ́ kan tí kì í kánjú sọ̀rọ̀. Ó ní ara Ṣìkẹ́mi ló ń bá ara rẹ̀ jà: awọ ń le sí i, iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ìka ń fún. Ó lè mọ sí ọwọ́, ó sì lè dé inú ẹ̀dọ̀fóró. Oògùn wà tó lè dá a dúró díẹ̀. Kò sí èyí tó lè dá ọwọ́ padà sí bó ṣe wà.

"Kí ni èmi fúnra mi lè ṣe?" Ṣìkẹ́mi béèrè.

"Máa jẹ́ kí ọwọ́ rẹ móoru. Ní gbogbo ìgbà."

Nínú gbogbo ohun tí dókítà sọ lọ́jọ́ náà, gbólóhùn yẹn nìkan ló mú kúrò níbẹ̀. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Ó gbọ́ ìyókù yékéyéké. Ṣùgbọ́n èèyàn lè gbọ́ nǹkan kó má gbà á sínú. Nírọ̀lẹ́, nígbà tí Ọlátẹ́jú bi í léèrè ohun tí wọ́n sọ, ó ní, "Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ò ṣàn dé ọwọ́ dáadáa ni. Kí n ṣáà máa jẹ́ kó móoru."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá rọ́bà gbígbóná. Rọ́bà méjì ló máa ń wà ní ẹnu irin tí wọ́n fi ń darí alùpùpù, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ibẹ̀ ni ẹni tó ń gùn ún máa ń dì mú. Àwọn kan wà tí wọ́n fi wáyà sínú rọ́bà yìí, tí iná bátìrì á máa mú un gbóná. Wọn kò ṣe irú rẹ̀ mọ́ alùpùpù Ṣìkẹ́mi láti ilé iṣẹ́, ṣùgbọ́n èèyàn lè rà á lọ́tọ̀ kó so ó mọ́ ọn. Ó wò ó lórí fóònù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ó ka ohun tí gbogbo ẹni tó ti rà á rí sọ. Ọ̀kan kọ ọ́ pé ìwọ̀nba ọdún tó kù fún òun láti gun alùpùpù, rọ́bà yìí ti fi mẹ́wàá kún un. Ṣìkẹ́mi ka ti onítọ̀hún títí ó fi mọ̀ ọ́n sórí. Ọ̀sẹ̀ kejì nínú oṣù Kìíní ni páálí náà dé.

Ó gbé e lọ bá Awódélé, tí ilé rẹ̀ kò ju òpópó méjì lọ sí tirẹ̀. Ọmọ Amẹ́ríkà dúdú ni Awódélé, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin. Ó ti fi ọgbọ̀n ọdún tún bọ́ọ̀sì ṣe kó tó fẹ̀yìn tì, gáréèjì ilé rẹ̀ ló sì ti ń tún alùpùpù àwọn ará àdúgbò ṣe báyìí. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nígbà tó wọ ẹ̀sìn Òrìṣà ló ń jẹ́. Ti ìwé ìrìnnà rẹ̀ yàtọ̀. Inú orin àti ìwé ló ti kọ́ Yorùbá, nítorí náà ohùn rẹ̀ máa ń gòkè níbi tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀, "ẹ" ló sì ń fi ń bá gbogbo èèyàn sọ̀rọ̀, títí kan ajá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ni Ṣìkẹ́mi ń pè é. Wọ́n ti bá a wí nípa ìyẹn náà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ káàárọ̀, àbúrò mi," ló wí lówùúrọ̀ Sátidé náà, bó ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn gáréèjì.

"Ẹ káàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo fẹ́ fi ọwọ́ mi ṣe é. Ẹ̀yin ẹ ṣáà máa sọ bí mo ṣe máa ṣe é."

"Kò burú. Ẹ kọ́kọ́ fi abẹ la rọ́bà àtijọ́ yẹn, kó lè bọ́."

Ó mú abẹ. Abẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mú un lẹ́ẹ̀kejì, ó fi ọwọ́ òsì ti ọ̀tún lẹ́yìn, abẹ tún bọ́.

"Òtútù ni," ó wí.

Hítà ńlá kan ń jó pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn níbẹ̀. Awódélé wo hítà, ó wo obìnrin náà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú abẹ nílẹ̀, ó la rọ́bà náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì bó o bí ẹni bó ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Lápá ọ̀tún, níbi tí wọ́n ti ń yí ọwọ́ láti fún alùpùpù ní iná, ike kan wà lábẹ́ rọ́bà tó ní eyín kéékèèké tó yọ síta. Wọ́n ní láti fi fáìlì onírin ha eyín náà kúrò kí rọ́bà tuntun tó lè wọlé. Èyí ni Ṣìkẹ́mi rí ṣe. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ti fáìlì, kò fi ìka kàn án, ó ń ha, ó ń fẹ́ eruku rẹ̀ dànù, ó ń fi àtàǹpàkò wò ó bóyá ó ti dán. Ó ju wákàtí kan lọ kó tó ṣe tán. Òógùn bò ó. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ìyìn lábẹ́nu, Awódélé sì ń gbè é láìmọ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni gọ́ọ̀mù. Awódélé ní kí wọ́n yára, nítorí gọ́ọ̀mù yìí kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Òun ló ti rọ́bà méjèèjì wọlé, tó yí wọn kí wáyà lè kọjú síbi tó yẹ. Ó fi wáyà apá ọ̀tún sílẹ̀ kó rọ̀ díẹ̀. "Apá yìí ló ń yí," ó wí. "Tí wáyà bá fà le, ó máa já lọ́jọ́ kan, tàbí kó há, kí alùpùpù máa sáré lọ láìjẹ́ pé ẹ ní kó sáré." Ó gbà á láyè láti yí irin ìdarí sí ọ̀tún àti sí òsì, kó rí i fúnra rẹ̀ pé kò sí ohun tó ń fà. Wọ́n so ìdí wáyà mọ́ iná ẹ̀yìn, kó má bàa máa gbóná nígbà tí wọ́n bá ti pa alùpùpù, kó má fa bátìrì gbẹ. Ó ku ìdè onírin méjì kéékèèké tí wọ́n máa fi de súwíìṣì mọ́ irin. Ṣìkẹ́mi gbìyànjú rẹ̀. Ìdè àkọ́kọ́ yí gba abẹ́ àpótí irinṣẹ́ lọ, ìkejì náà tẹ̀ lé e. Awódélé kúnlẹ̀, ó fi tọ́ọ̀ṣì wá wọn, ó dè wọ́n láìwojú rẹ̀.

Wọ́n jókòó de gọ́ọ̀mù kó gbẹ. Awódélé bu ọbẹ̀ ẹ̀wà fún Ṣìkẹ́mi nínú ife, obìnrin náà fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbá ife náà mú. Nígbà tó di aago méjì ọ̀sán, Awódélé yí kọ́kọ́rọ́. Iná pupa kékeré tàn lára súwíìṣì. Ṣìkẹ́mi gbé ọwọ́ lé rọ́bà, ó ń retí. Ní ìṣẹ́jú kan, ooru náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé díẹ̀díẹ̀, ó gba àtẹ́lẹwọ́, ó gba oríkèé, ó dé ìka. Ó rí i tí funfun náà ń kúrò ní ìka rẹ̀ bí ẹni ń nù ún.

"Ẹ̀gbọ́n, ó gbóná! Ó gbóná o! Ẹ wò ó!"

Awódélé kò tíì rẹ́rìn-ín. "Rọ́bà yìí nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ," ó wí. "Wáyà wà nínú rẹ̀, ó ní láti nípọn. Ẹ fún kílọ́ọ̀ṣì wò."

Kílọ́ọ̀ṣì ni irin ọwọ́ òsì. Ẹni tó ń gun alùpùpù gbọ́dọ̀ na ìka sí i kó sì fún un mọ́ rọ́bà, nígbàkigbà tó bá fẹ́ pààrọ̀ jíà àti nígbàkigbà tó bá fẹ́ dúró. Ṣìkẹ́mi na ìka. Orí ìka ló kàn án. Ó fún un pẹ̀lú gbogbo agbára tó wà ní apá rẹ̀ títí dé èjìká, ó sì ń rẹ́rìn-ín kí ọkùnrin náà má bàa mọ̀.

"Ó dáa," ó wí.

"Mo ti sún un mọ́ rọ́bà dé ibi tó lè dé. Kò lè sún ju bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ẹ̀gbọ́n, mo ní ó dáa."

Ó gbé e jáde. Lójú ọ̀nà Redan, oòrùn ọ̀sán ràn láìní agbára, koríko iwájú ilé àwọn èèyàn ti gbẹ pọ́n, ọwọ́ rẹ̀ sì móoru. Ó ti tó ọdún méjì tí ọwọ́ rẹ̀ kò móoru lórí alùpùpù láàárín oṣù Kìíní. Ó yà sí ọ̀nà Panola, ó fún un ní iná díẹ̀ sí i. Ó ronú pé òun á padà gba shift aláìsàn kan ní Jonesboro, èyí tóun ti kọ̀ nítorí ọwọ́. Ó ronú pé bóyá dókítà kò mọ gbogbo nǹkan.

Ìkóríta kan wà kéèyàn tó dé Covington Highway. Iná ibẹ̀ pupa, mọ́tò mẹ́ta ti dúró níwájú rẹ̀. Ó tẹ bíréèkì, ó na ìka òsì sí kílọ́ọ̀ṣì. Ìka dé ibẹ̀, wọn kò ká. Ó ní kí wọ́n ká, wọn kò ká. Ó ju gbogbo ọwọ́ lé e bí ẹni ju àpò lé tábìlì, kílọ́ọ̀ṣì sún díẹ̀, ó sì yọ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀. Alùpùpù jà pìtì, ẹ́ńjìnì kú, ó ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ òsì, ó sì gbé ẹsẹ̀ Ṣìkẹ́mi sábẹ́.

Obìnrin kan bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò ẹ̀yìn, òun àti ọkùnrin kan ló gbé alùpùpù kúrò lára rẹ̀. Wọ́n ń bi í bóyá kí àwọn pe ambulance. Ó ní rárá. Ó jókòó lórí ibi gíga ẹ̀gbẹ́ títì, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ fóònù pe Awódélé.

Awódélé gbé ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ wá. Nígbà tó ti so alùpùpù mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ tán, ó wọlé jókòó, kò tíì ṣíná.

"Màá yọ ọ́ lọ́la," ó wí. "Màá wá rọ́bà tín-ínrín, irú ti tẹ́lẹ̀. Àwọn alùpùpù kan tún wà tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì rárá. Mo mọ ẹnì kan."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má yọ nǹkan kan." Ó ń wo iwájú. "Pẹ̀lú rọ́bà tín-ínrín náà, mo ti kọjá iná pupa ní ẹ̀ẹ̀mejì láàárín oṣù tó kọjá. Kì í ṣe pé mi ò rí i. Ọwọ́ ò lè fún un ni. Bíréèkì náà ti ń bọ́ lọ́wọ́ mi."

"Kí ni dókítà sọ?"

Ó wá sọ ọ́, gbogbo rẹ̀, bí dókítà ṣe sọ ọ́, láìfi ọ̀kan pa mọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnu rẹ̀ sọ ọ́. Awódélé bọ́ fìlà, ó gbé e lé orúnkún.

"Àbúrò," ó wí, "mi ò ní irinṣẹ́ kankan fún ìyẹn."

Ó gbé e lọ sílé.

Ọlátẹ́jú dé láti Jonesboro nírọ̀lẹ́, ó bá a lórí àga, ó gbé ẹsẹ̀ lé ìrọ̀rí. Ṣìkẹ́mi ń dúró kó sọ pé ṣé òun kò wí tẹ́lẹ̀. Kò sọ ọ́. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró, báàgì oúnjẹ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"October."

Ó fi ìka ka oṣù náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ó fi dé èyí tí wọ́n wà nínú rẹ̀. "Ìwọ nìkan lo wá ń gbé e kiri láti ìgbà yẹn. Kí ni mo ṣe tí o ò lè sọ fún mi?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan, Daddy Túnmiṣe. Tí mo bá sọ ọ́, á di òótọ́ ni."

Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó mú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sínú tirẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ra wọ́n. Ó ń ra wọ́n títí apá fi ro ó. Wọn kò móoru.

Wọ́n ta alùpùpù náà nínú oṣù Kejì. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Seth ló wá rà á, láti Lawrenceville. Ó yí i po, ó rí súwíìṣì, ojú rẹ̀ tàn.

"Haa! Rọ́bà gbígbóná wà lára rẹ̀? Ta ló so ó? Iṣẹ́ yìí mọ́ o."

"Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ni," Ṣìkẹ́mi wí.

Seth jókòó lórí rẹ̀, ó fi ìka kan ṣoṣo fún kílọ́ọ̀ṣì wọlé, bí ẹni ń fa okùn fèrèsé, ó tú u sílẹ̀, ó tún fún un. Ṣìkẹ́mi gbé ojú kúrò. Nígbà tí ọmọ náà béèrè ìdí tó fi ń ta nǹkan tó dára tó báyìí, ó ní ọwọ́ òun ni, ọmọ náà sì rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Ó gùn ún lọ. Wọ́n gbọ́ ìró rẹ̀ títí ó fi yà ní ìsàlẹ̀ òpópó.

Iṣẹ́ rẹ̀ náà kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn kó tó dópin. Nínú oṣù Kẹta, nígbà tí eruku òdòdó igi páìnì bo gbogbo mọ́tò Redan ní àwọ̀ ìyeyè, abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sórí ibùsùn Ìyá Eunice, arúgbó tó ti ń tọ́jú láti ọdún mẹ́rin. Kò gún ẹnikẹ́ni. Ìyá Eunice ní kò sí nǹkan, kó mú òmíràn. Ṣùgbọ́n Ṣìkẹ́mi fúnra rẹ̀ ló pe ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà, kó tó di pé nǹkan tó burú jù bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní tí iṣẹ́ orí tábìlì bá yọ, àwọn á pè é. Wọn kò tíì pè.

Ọlátẹ́jú ló ń bá a de bọ́tìnì aṣọ báyìí kó tó lọ síbi iṣẹ́. Tó bá ní shift àárọ̀ kùtù, aṣọ alẹ́ ni Ṣìkẹ́mi máa ń wà nínú rẹ̀ títí ó fi dé. Ó máa ń jókòó sẹ́bàá fèrèsé tí oòrùn ń bá wọlé, ó á ki ọwọ́ sí abíyá, nítorí ẹ̀rọ tí ń mú ilé tutù ti tó láti sọ ìka rẹ̀ di funfun. Láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tó bá gun àtẹ̀gùn dé òkè, ó ní láti dúró kí èémí rẹ̀ tó bá a. Ìwé àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀fóró wà lórí tábìlì. Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni wọ́n dá fún un. Túnmiṣe, tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Texas, tí wọn kò sì tíì sọ nǹkan kan fún, máa ń pè lọ́jọ́ Sunday, ó á béèrè bí màmá òun àti ọ̀kadà rẹ̀ ṣe ń ṣe sí.

"A wà," Ṣìkẹ́mi á dá a lóhùn, Ọlátẹ́jú á sì máa bá a di fóònù náà mú létí.